Etí Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Jọra, Tí Ìtumọ̀ Wọn Kò Jọra

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá mọ̀ pé bí àmì ohùn bá yẹ̀, ọkọ́ tí a fi ń roko á di ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà ló fi ń yà wọ́n, nígbà mìíràn ẹyọ lẹ́tà kan péré. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀, torí pé etí la gbára lé.

Ẹ gbọ́ “lose” àti “loose”. Ìró z ló gbẹ̀yìn ti àkọ́kọ́, ìró s ló gbẹ̀yìn èkejì. Yorùbá kò ní z, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa ń pè wọ́n bákan náà, a sì ń kọ ọ̀kan dípò èkejì. Ẹ̀rọ tó ń yẹ sípẹ́lì nìkan wò kò ní rí i, torí ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń wá ẹbí ọ̀rọ̀ lọ. “Lost” àti “loss” ni ẹbí “lose”: ohun tó sọnù, àdánù. O kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. “Loosen”, ìyẹn kí a dẹ ohun tó fún, ni ẹbí “loose”. O méjì ni tiwọn.

“Stationary” àti “stationery” ló dùn mọ́ mi jù. Àkọ́kọ́ ni ohun tó dúró sójú kan. Èkejì ni ìwé ìkọ̀wé, bírò, àpò lẹ́tà. Ní Yúróòpù àtijọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń kiri, àwọn tó ń ta ìwé nítòsí yunifásítì ní ìsọ̀ tí kì í kúrò lójú kan. Ìdúró yẹn ni wọ́n fi sọ wọ́n ní “stationer”. Ohun tí “potter” bá mọ ni “pottery”. Ohun tí “stationer” bá tà ni “stationery”.

“Complement”, ohun tó mú nǹkan pé, ẹbí “complete” ni. Ẹ wo e àárín wọn. “Compliment” ni ọ̀rọ̀ ìyìn. Ìyá kan náà ló tilẹ̀ bí “flower” àti “flour”, torí ìyẹ̀fun tó kúnná jù ni wọ́n kà sí òdòdó àlìkámà. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí Samuel Johnson gbé jáde ní 1755, wọn kò tíì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹbí kò ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí “affect” àti “effect”. Wọ́n sábà máa ń kọ́ni pé “affect” ni ọ̀rọ̀-ìṣe, pé “effect” ni ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. “To affect a change” ni pé ìyípadà kan ti wà nílẹ̀, nǹkan mìíràn wá kàn án. “To effect a change” ni pé ẹnìkan ló mú ìyípadà náà wáyé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “to effect” nínú lẹ́tà ẹlòmíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè fi bírò pupa fà á. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìmúṣẹ ló ní lọ́kàn.