Fóònù Ló Nilé, Áàpù Kàn Háyà Yàrá Ni

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù ni mo tún kọ síbí, fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráàyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o. Lẹ́nu alájọ kan ni mo ti gbọ́ ohun tí mo bá wá lónìí. A ń kọ áàpù fún àwọn alájọ nígbà náà. Màmá yìí á máa yí ọjà Bódìjà ká láàárọ̀, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á tẹ iye rẹ̀ sínú fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọjà kì í dúró sójú kan, la bá ní kí áàpù kọ́kọ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú fóònù, kó wá máa fi í ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà wa tó ń gba gbogbo àkọsílẹ̀ jọ, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ì báà jẹ́ inú àpò ni fóònù wà. Lórí tábìlì mi, ó ń lọ geere. Nígbà tó dọ́jà, owó àárọ̀ kò dé sáfà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo pe màmá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí mo bá ṣí i ló ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti pa iná ojú ẹ̀, òun náà a sùn lọ."

Màmá ò kọ kóòdù rí, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ tán. Láti Android 6, lọ́dún 2015, ni fóònù ti ń wọ oorun tí wọ́n ń pè ní Doze: bí kò bá sí lórí iná, tí ojú rẹ̀ kú, tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ síbì kan, á dá iṣẹ́ àwọn áàpù dúró, á wá máa ṣílẹ̀kùn fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Android 7 tún fi kún un pé fóònù tó wà lápò ẹni tó ń rìn pàápàá lè tòògbé. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wà lórí iná kì í wọ Doze, wáyà kọ̀ǹpútà sì ń fún tèmi níná ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí kì í sùn ni mo fi ń dán oorun wò.

Flutter, irinṣẹ́ ìkọ áàpù tó ń lo èdè Dart, la fi kọ ọ́, kóòdù kan fún Android àti iPhone. Mo fẹ́ràn Flutter, àmọ́ lórí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yìí, èyí tí áàpù ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí i, "kóòdù kan" yẹn kò ju ìdajì òótọ́ lọ. Timer inú Dart, aago tó ń ka àkókò fún áàpù, kò ní ẹ̀mí tirẹ̀. Bí fóònù bá pa áàpù, ó bá a kú. Fóònù fúnra rẹ̀ lẹ máa gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́: WorkManager lórí Android, BGTaskScheduler lórí iPhone láti iOS 13, lọ́dún 2019. Package (kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ fún ìlò) kan wà tó ń jẹ́ workmanager tó ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìwà onílé méjì yìí, Android àti iPhone, ò jọra.

Ti Android ṣì rọrùn. Iṣẹ́ tó ń padà wá lásìkò kì í yá ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Bí ẹ kọ 5, 15 náà ló máa lò. Bí fóònù bá kú tó tún tàn, kò gbàgbé.

iPhone kì í tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni dá àkókò. Ohun tí ẹ lè sọ fún un ò ju "má ṣe é ṣáájú aago báyìí" lọ. Bó bá jí yín pé kí ẹ sáré wo ohun tó ń lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ ní. Tí oní-fóònù bá sì ti fìka ti áàpù sókè dànù, kò ní jí i mọ́ àfi tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn ṣí i. (Àwa náà la máa ń gbá gbogbo áàpù dànù bí ẹni gbálẹ̀, a ní a ń tọ́jú bátìrì.)

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá àṣìṣe kan: iṣẹ́ ń ṣe nígbà ìdánwò, ó pòórá nínú áàpù tí a gbé jáde. Mi ò kọ @pragma('vm:entry-point'), àmì tó ń ní kí Dart má gé kóòdù dànù, sórí function (ẹyọ kóòdù) tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Dart rò pé kò sẹ́ni tó ń lò ó, ó sì gé e dànù.

Èyí tó dùn mí jù wá kù. Ká ní màmá gba 2,000 náírà lọ́wọ́ ìyá alátà. Fóònù fi ránṣẹ́, sáfà kọ ọ́ sílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí èsì tó padà. Fóònù rò pé kò dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30, WorkManager tún fi í ránṣẹ́. Ìyá alátà ti di olówó 4,000. Lópin oṣù, àpò alájọ ni ìyókù máa ti jáde. Nítorí náà, lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá tẹ owó sílẹ̀ ni kí fóònù ti fún àkọsílẹ̀ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí sáfà bá rí nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀kejì, kó ní òun ti gbà á, kó má fi kún un.

Ẹnì kan bi mí bóyá a ò lè lo áláàmù tó ń dún ní àkókò gan-an. Áláàmù wà fún aago àti kàlẹ́ńdà. Láti Android 14, wọn kì í dédé fún áàpù tuntun láṣẹ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí a ṣe nìyí: bí wọ́n bá ti tẹ owó sílẹ̀ ni áàpù ń gbìyànjú láti fi ránṣẹ́, ó tún ń gbìyànjú nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ti ìṣẹ́jú 15 yẹn wá di àtìlẹ́yìn lásán. A kọ ìlà kan sókè ojú fóònù tó ń sọ iye àkọsílẹ̀ tí kò tíì dé sáfà. Nígbà tí mo padà lọ sọ́jà, màmá na fóònù sí mi: "Àkọsílẹ̀ 3 kò tíì lọ." Wọ́n rìn jáde sétí títì, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n dúró títí 3 fi di 0, kí wọ́n tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.