Ẹ Kọ́kọ́ Dá A Padà fún Ẹni Tó Ni Ín

Ẹ wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ jẹ́ kí n sún un mọ́ kámẹ́rà. Léèsì aláwọ̀ ewé ni, ó lé díẹ̀ ní yáàdì kan. Ṣé ẹ rí etí rẹ̀ níbi tí àlùmọ́gàjí mi gbà kọjá? Ọdún mẹ́rin ló ti wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi níbí, ní Èbúté Mẹ́tta. Kì í ṣe tèmi. Oníbàárà kan ló gbé yáàdì márùn-ún wá fún ìró àti bùbá. Mo rán an, ó bá a mu, ó sanwó, ó lọ. Èyí ṣẹ́kù. Mi ò sọ fún un.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ni bí Kristẹni ṣe ń dá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ padà. Ní Èkó wa níbí. Láyé tí owó ń ti orí fóònù wọlé, tó sì ń ti ibẹ̀ jáde. Mi ò ní máa ṣàlàyé fún yín pé olè jíjà kò dáa, ilé ni wọ́n ti kọ́ wa ní ìyẹn. Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti ronú pìwà dà tán, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ti ń yẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mò ń lọ tààrà.

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ìwàásù ọjọ́ Sunday wọ̀ wá lákínyẹmí ara. A sunkún, a ní, "Olúwa, dárí jì mí." A ki ọwọ́ bọ àpò, a fi owó sínú apẹ̀rẹ̀ ọrẹ, ara wa fúyẹ́, a bá tiwa lọ sílé. Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n owó ta ni mo fi sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn? Owó oníbàárà mi ni! Ọlọ́run kọ́ ló gbé léèsì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin kan tó ń gbé ní Ṣómólú ni, ó ní orúkọ, ó ní nọ́ńbà fóònù, mo sì mọ ilé rẹ̀.

Ẹ KỌ́KỌ́ DÁ A PADÀ FÚN ẸNI TÓ NI ÍN. Ẹ jẹ́ kí n tún un wí. Ẹ KỌ́KỌ́ DÁ A PADÀ FÚN ẸNI TÓ NI ÍN! Kì í ṣe pásítọ̀. Kì í ṣe àpótí ọrẹ. Kì í ṣe ilé àwọn ọmọ aláìníyàá. Ẹni tó ni ín.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Léfítíkù orí kẹfà. Ẹni tó bá fi ìrẹ́jẹ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, tàbí tó rí ohun tó sọnù he tó sì purọ́ sí i, ẹ wo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Yóò dá ohun náà padà bó ṣe wà. Yóò fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e. Lọ́wọ́ ta ni yóò fi í lé? Lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àgbò ẹbọ tó máa mú lọ bá àlùfáà. Ẹ kà á dáadáa, ẹ ó rí i pé bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Ẹ tún lọ sí Númérì orí karùn-ún, ẹsẹ ìkẹjọ: bí ẹni tó ni nǹkan kò bá sí mọ́, tí kò sì ní ìbátan kankan tí wọ́n lè san án fún, ìgbà yẹn ló tó kan àlùfáà. Ibùdókọ̀ ìkẹyìn ni ilé Ọlọ́run nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa sì ti sọ ọ́ di àkọ́kọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ níwájú fóònù rẹ̀ pé, "Àǹtí, òfin Mósè nìyẹn, abẹ́ oore-ọ̀fẹ́ la wà." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Sákéù ní Jẹ́ríkò, Lúùkù orí ìkọkàndínlógún. Olórí àwọn agbowó òde, ọlọ́rọ̀ ni, orí igi ló wà. Jésù pe orúkọ rẹ̀, ó ní òun máa wọ̀ sílé rẹ̀ lónìí. Ẹ wo ìyẹn ná! Kò tíì sọ̀rọ̀ owó rárá nígbà tí Olúwa ti yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ ló ṣáájú. Sákéù wá dìde fúnra rẹ̀, ó ní ìdajì ohun ìní òun jẹ́ ti àwọn tálákà, ẹnikẹ́ni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, òun máa san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìlọ́po mẹ́rin! Ohun tí Ẹ́kísódù ní kí ẹni tó jí àgùntàn, tó pa á tàbí tó tà á, san nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fà á lọ sí kóòtù. Oore-ọ̀fẹ́ wọlé, ọwọ́ tó di owó mú bá là.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé rẹ̀, torí ọkàn mi máa ń lọ síbẹ̀ nígbà gbogbo. Tí ọmọṣẹ́ tuntun bá rán apá bùbá sódì, ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe? Á gbé áyọ́ọ̀nù. Á máa tẹ̀ ẹ́, á wọ́n omi sí i, á tún tẹ̀ ẹ́, kó ṣáà jókòó. Kò ní jókòó láéláé! Mo máa ń gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń fi bíléèdì lé e lọ́wọ́. Tú u. Kó mú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí aṣọ má baà ya, kó ṣa gbogbo òwú kéékèèké yẹn kúrò. Ọwọ́ á ro ó, ojú á dùn ún. Títú máa ń pẹ́ ju rírán lọ, ẹ bi télọ̀ èyíkéyìí. Àdúrà "Olúwa, dárí jì mí" tí kò sí ìdápadà lẹ́yìn rẹ̀, áyọ́ọ̀nù lórí apá òdì ni.

Èmi kọ́ ni mo dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ o. Ìjọ Apostolic Faith ní Anthony Village ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Deeper Life, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó yìí lọ́dún 1973, ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ bá ń jọ́sìn kò kàn mí. Inú Bíbélì gbogbo wa ló wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sáré gba orí àwọn tó wọ́pọ̀.

Dánfó. Kọ́ńdọ́ kò ní ṣéńjì, ó fi ₦1,000 lé yín lọ́wọ́, ó ní kí ẹ̀yin àti bàbá tó jókòó tì yín pín in nísàlẹ̀. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, èrò ń lọ èrò ń bọ̀, bàbá yẹn ń wá ẹni tó máa bá yín ṣẹ́ owó. Ẹ wọ àárín èrò. Ẹ ò lè rí i mọ́ láyé yìí, òótọ́ ni. ₦500 ni tirẹ̀, ìdámárùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦100, ó di ₦600. Ẹ fún ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ má kà á mọ́ ọrẹ yín, ẹ má sì kà á mọ́ ìdámẹ́wàá yín. Owó bàbá yẹn ni, ẹ kàn ń bá a fi fún tálákà ni.

Kóńgò. Oyíngbò kò jìnnà sí mi, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ìdí kóńgò tí wọ́n fi òòlù lù wọnú, tó jẹ́ pé gaàrí á gorí lójú, ẹ̀kúnwọ́ kan á sì dín nísàlẹ̀. Diutarónómì 25 ní kí a má ṣe ní òṣùwọ̀n ńlá àti kékeré nínú ilé kan náà. Ẹ lu ìdí rẹ̀ síta tàbí kí ẹ ra tuntun. Gbogbo àwọn tí ẹ ti wọn èyí tó dín fún, ta ló lè kà wọ́n? Àwọn tó ṣì ń wá, ẹ wọn ọ́n fún wọn kó kún, kẹ́ ẹ tún bù sí i.

Iná tí ẹ so tí kò gba inú mítà kọjá. Ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ iná, ẹ sọ fún wọn, wọ́n á ṣírò rẹ̀ fún yín. Ẹ san án. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Owó tí ẹnìkan ṣì fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín. Ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí àwọn gbájúẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ẹnìkan á pè yín, á máa sunkún, á ní òun ṣì fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun dá a padà sí nọ́ńbà àkáǹtì yìí. Ẹ MÁ FI RÁNṢẸ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó dà bí àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín fúnra yín. Tí owó náà bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ lọ sí báńkì yín, kí wọ́n dá a padà sí ibi tó ti wá gan-an. Kí ẹni tó ni ín lè rí i gbà, kì í ṣe ẹni tó sunkún lórí fóònù.

Ṣé kò sí owó lọ́wọ́ yín? Ẹ lọ bá ẹni náà, ẹ dá ìgbà fún un, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹni tó lè dúró fún yín, ẹ mú un dání. Pọ́ọ̀lù ṣe é fún Ónẹ́símù: ó kọ̀wé sí Fílémónì pé tí ọmọkùnrin náà bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, kó kà á sí òun lọ́rùn, òun Pọ́ọ̀lù ló fọwọ́ ara òun kọ ọ́, òun máa san án. Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ ní owó lọ́wọ́, ẹ ò rí iṣẹ́ yín níbẹ̀?

Ó ku ohun kan tí a tún máa ń ṣì. A á dá nǹkan padà, a á sì fi irọ́ wé e. "Mò ń palẹ̀ mọ́ ni mo rí i o." "Ọmọṣẹ́ mi ló gbàgbé rẹ̀." Háà! Irọ́ wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí Léfítíkù kà sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ wá tún ń fi òmíràn lé e. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Tiyín ni. Mo mọ̀ nígbà náà pé tiyín ni. Mo mú un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣe é dá padà, ìyẹn máa ń bà mí nínú jẹ́. Àjàyí Crowther ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí mò ń kà fún yín yìí, ọdún 1884 ni gbogbo rẹ̀ parí. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821. Èkó wa yìí ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ta ló fẹ́ kó ìyẹn padà fún ìyá àti ọmọ? Tí mo bá ń ka ibi tí Sákéù ti ń sọ̀rọ̀ ìsanpadà, mo máa ń rántí pé ẹni tí wọ́n ti jí gbé tà rí ló fi èdè wa kọ ọ́, mo máa ń pa Bíbélì dé fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ṣùgbọ́n léèsì ṣe é dá padà.

Oṣù tó kọjá ni mo gbé èyí àkọ́kọ́ lọ, léèsì búlúù, yáàdì kan àtààbọ̀. Ìyá àgbà kan ní Sùúrùlérè ni. Mo fi owó sínú àpòòwé fún ìdámárùn-ún. Iná ti lọ, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó tú aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ibi tó ti ká. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo wọn aṣọ yẹn kí n tó gbé e fún ọ. Ìdí tí o ò fi rí mi mọ́ nìyẹn." Ó gba aṣọ, ó gba owó, ó kà á. Ó ní kí n kí àwọn ọmọ. Kò tíì gbé aṣọ wá láti ìgbà yẹn, mi ò sì torí kó lè gbé aṣọ wá lọ.

Aláwọ̀ ewé yìí ló kàn. Mo ti lọ̀ ọ́, mo ti ká a. Mo pe obìnrin náà láàárọ̀, ó ní òun wà nílé títí di aago mẹ́rin, kí n má pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pa kámẹ́rà yìí.