John Mercer Langston: agbẹjọ́rò tí kò gbà kí ìbò òun ṣòfò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Kóòtù ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí ti kọ́kọ́ rí ohun tí òfin lè ṣe, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

John Mercer Langston lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1829 ni wọ́n bí i ní Louisa County, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Òyìnbó olóko ni bàbá rẹ̀, Ralph Quarles. Ìyá rẹ̀, Lucy Jane Langston, ní ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti ti àwọn tó nilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Ẹrú Quarles ni obìnrin yìí tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì dá a sílẹ̀ ní 1806. Òfin Virginia kò jẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó, síbẹ̀ Quarles kọ ogún sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Bàbá kú, ìyá kú, nínú ọdún 1834 kan náà.

Wọ́n kó John àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Ohio, níbi tí òfin kò ti fàyè gba oko ẹrú. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, William Gooch, ló gbà á tọ́ ní Chillicothe. Ní 1839, Gooch fẹ́ kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Missouri, níbi tí wọ́n ti ń ra èèyàn tí wọ́n sì ń tà á. William Langston, ọmọ ìyá John, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Bí àbúrò òun bá dé Missouri, ta ló máa gbà pé ọmọlúwàbí tó lómìnira ni? Ta ló máa dáàbò bo ogún rẹ̀? Kóòtù ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ lọ. Mo gbà pé Gooch fẹ́ràn ọmọ yìí gan-an, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò lè dá oníṣòwò ẹrú dúró. Ìwé kóòtù ló lè dá a dúró.

Ó kàwé gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Oberlin, ní Ohio, ní 1849, ó wá fẹ́ kọ́ òfin. Nílé ẹ̀kọ́ òfin tó wà ní Ballston Spa ní New York, olùdarí sọ fún un pé ọ̀nà kan wà: kó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Faransé tàbí ọmọ Sípéènì. Àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ débi tó fi lè ṣe é. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kan, Philemon Bliss, ní Elyria ní Ohio, ló ti wá kọ́ iṣẹ́ náà, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n gbà á wọlé bí agbẹjọ́rò ní 1854, ohun tí wọ́n fi gbà á ni pé lábẹ́ òfin Ohio, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó rẹ̀ bá ju ìdajì lọ, òyìnbó ni. Ọkùnrin tó kọ̀ láti purọ́ pé òun kì í ṣe dúdú, àwọn fúnra wọn ló wá kọ ọ́ sínú ìwé pé funfun ni! Ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìbò yàn án ní akọ̀wé ìlú Brownhelm. Ó wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ dé ipò ìdìbò ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹjọ́ kan. Ní ìparí oṣù Kìíní 1862, Mary Edmonia Lewis, akẹ́kọ̀ọ́ Oberlin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ojibwe, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó nilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún ọmọbìnrin òyìnbó méjì tí wọ́n jọ ń gbélé ní wáìnì tí wọ́n fi èròjà sí. Àwọn yẹn jáde lọ ṣeré nínú yìnyín, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n lọ́nà. Àwọn dókítà ní májèlé ni. Kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan jí Edmonia gbé lálẹ́, wọ́n lù ú, wọ́n sì pa á tì sínú pápá nínú òtútù. Langston ló gba ẹjọ́ rẹ̀. Kò wá ojú àánú rárá. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́: kò sẹ́ni tó gbé ohun tó jáde nínú àwọn ọmọ náà lọ fún àyẹ̀wò. Májèlé tí ẹnikẹ́ni kò rí, báwo lẹ ṣe fẹ́ fi dá ènìyàn lẹ́bi? Wọ́n tú Edmonia sílẹ̀. Ó lọ sí Róòmù níkẹyìn, ó ń fi mábù gbẹ́ ère, àgbáyé sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà ogun abẹ́lé, Langston gba àwọn ọkùnrin dúdú sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Lẹ́yìn ogun, ó di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka òfin Yunifásítì Howard. Ibẹ̀ ni Charlotte Ray, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní Amẹ́ríkà, ti jáde ní 1872.

Ní 1877 Ààrẹ Hayes rán an lọ sí Haiti bí aṣojú Amẹ́ríkà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1885. Òfin ní owó oṣù rẹ̀ jẹ́ $7,500 lọ́dún. Nígbà tó yá, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya $5,000 péré sọ́tọ̀, láì pa òfin àtijọ́ rẹ́. Ẹlòmíràn ì bá gba èyí tí wọ́n fún un kó máa dúpẹ́. Langston pe ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá a láre ní 1886: gbèsè ni owó tó ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn náà ló díje fún ilé aṣòfin láti Petersburg ní Virginia, ní 1888. William Mahone, tó ń darí ẹgbẹ́ Republican níbẹ̀, kò fẹ́ ẹ, ó gbé òyìnbó kalẹ̀. Langston dá dúró. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n pín àwọn èèyàn sí ìlà méjì, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Ìlà funfun ń lọ, ti dúdú dúró gbagidi. Wọ́n kéde pé Edward Venable ti ẹgbẹ́ Democrat fi ìbò 641 borí. Langston kó ẹlẹ́rìí jọ, ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú ilé aṣòfin fúnra rẹ̀. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ tó ti ń dúró lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kó ti jókòó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà, àwọn Democrat dìde, wọ́n jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn kí iye èèyàn tó yẹ kó wà níjókòó kí wọ́n tó lè dìbò má bàa pé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1890, wọ́n búra fún un. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni.

Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà ni ìjókòó ilé parí. Ó sáré padà sílé lọ ṣe kánfáásì, ó sì fìdí rẹmi nínú ìdìbò oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1891 ni sáà rẹ̀ tán. Ó kú ní Washington ní 1897. Ẹni dúdú kejì tí Virginia rán lọ sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni Robert Scott. Ọdún 1992 ni wọ́n dìbò yàn án, ó sì gba ipò náà ní 1993.