Bodø/Glimt: Òtútù Kọ́ Ló Ń Bá Wọn Gbá Bọ́ọ̀lù

Orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nọ́wè yìí ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Bodø/Glimt. Ṣé ẹ rí ilà tó dábùú àárín yẹn? Òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ méjì ló dà pọ̀, Bodø lọ́tọ̀, Glimt lọ́tọ̀. Rárá o! Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916, Glimt lásán ló ń jẹ́, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó kọ mànà lẹ́ẹ̀kan tó sì ti lọ. Ó di ọdún 1948 kí wọ́n tó fi orúkọ ìlú wọn ṣáájú, torí Glimt mìíràn ti wà ní agbègbè Trøndelag. Orúkọ ìlú, ilà, orúkọ ẹgbẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pípè rẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe "Bo" o, "Bú" ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ká ètè yín roboto bí ẹni fẹ́ súfèé, kí ẹ wá fi ètè yẹn kan náà pe "e". Ẹ tún un pè. Ó dáa, ẹ máa dán an wò tó bá ku ẹ̀yin nìkan.

Ìlú Bodø wà lókè lọ́hùn-ún, níhà àríwá Nọ́wè, ó ti kọjá Arctic Circle, ìlà tó yí òkè àríwá ayé ká. Láàárín ìgbà ooru wọn, oòrùn kì í wọ̀ lóru rárá. Tó bá di oṣù Kejìlá, wákàtí díẹ̀ ni ojú ọ̀run fi ń mọ́ fírífírí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 50,000. Pápá wọn, Aspmyra, gba nǹkan bí 8,000 òǹwòran. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yẹn sọ́kàn, torí ẹgbẹ́ tí à ń sọ yìí ti na Roma, ó ti na Celtic, ó ti na Porto, ó ti na Manchester City. Àwọn èèyàn á ní òtútù ìlú wọn ló ń jẹ́ kí wọ́n borí. Wọ́n á ní koríko àtọwọ́dá orí pápá wọn ni. Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ wá bá ọ̀rọ̀ yẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ rèé, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń fò kọjá. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti 2020, bí ẹni pé ẹgbẹ́ yìí kàn hù bí olú lóru ọjọ́ kan. Ẹ gbọ́: fún ọ̀pọ̀ ọdún, WỌ́N TI ILẸ̀KÙN MỌ́ ÀWỌN ARÁ ÀRÍWÁ. Títí di 1963, ẹgbẹ́ àríwá kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti díje fún ife ẹ̀yẹ Nọ́wè. Ife tiwọn ni wọ́n ń gbá láàárín ara wọn, Glimt sì gba ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Líìgì àgbà ńkọ́? Ìyẹn tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di 1972 kí ẹgbẹ́ àríwá kankan tó tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀, Mjølner láti ìlú Narvik sì ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bọ́ọ̀lù àríwá kò tíì tó ti gúúsù.

Wọ́n wá ṣílẹ̀kùn, àmọ́ wọ́n fi ẹsẹ̀ dí i. Ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé òfin náà. Ìpele kejì pín sí ọ̀nà mẹ́ta: méjì ní gúúsù, ọ̀kan ní àríwá. Ẹni tó bá gbé ipò kìíní ní gúúsù, ó gòkè tààrà. Ẹni tó bá gbé ipò kìíní ní àríwá, kò tíì gòkè o! Ó ní láti lọ bá àwọn tó gbé ipò KEJÌ ní gúúsù gbá ìdíje àṣekún. Ká ní ọmọ yín ló gbé ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀, tí ọ̀gá iléèwé wá ní kó tó lè wọ kíláàsì tó kàn, àfi kó tún ìdánwò ṣe pẹ̀lú àwọn tó gbé ipò kejì ní iléèwé òdìkejì títì. Àwọn tó gbé ipò kìíní lọ́hùn-ún ti wọlé, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti ń kọ̀wé. Ṣé ẹ máa dákẹ́? Ẹ máa lọ bá ọ̀gá yẹn nílé ni!

Glimt kùnà nínú àṣekún yẹn ní 1974. Wọ́n tún kùnà ní 1975. Ibi tó wá ń bí mi nínú rèé: lọ́dún 1975 yẹn kan náà, wọ́n na Vard Haugesund 2-0 ní àṣekágbá, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Nọ́wè, àwọn sì ni ẹgbẹ́ àríwá àkọ́kọ́ tó gbà á. Mo tún un sọ o. Wọ́n GBA IFE ORÍLẸ̀-ÈDÈ, síbẹ̀ ìpele kejì ni wọ́n padà sí! Ìpele kejì yẹn náà ni wọ́n wà lọ́dún tó tẹ̀ lé e nígbà tí Napoli gbéra láti Ítálì wá bá wọn ní Bodø. Napoli na wọ́n 2-0 níbẹ̀, ó sì na wọ́n 1-0 nílé. Ẹni tó wà ní ìpele kejì tó jẹ́ pé góòlù mẹ́ta péré ni Napoli rí gbá wọlé rẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, ṣé ẹni yẹn ni kò tó?

Lẹ́ẹ̀kẹta, ní 1976, wọ́n lu Odd 4-0, wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Lyn, wọ́n wọlé. Ọdún àkọ́kọ́ wọn nínú líìgì àgbà, 1977: ipò kejì. Ife ẹ̀yẹ ọdún yẹn: wọ́n dé àṣekágbá. Lillestrøm ló gba méjèèjì mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó pa òfin burúkú yẹn rẹ́.

Nígbà yẹn náà ni ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín! Ẹni tó ń lé orin fún àwọn alátìlẹ́yìn wọn ní àwọn ọdún 1970 ń fi búrọ́ọ̀ṣì darí àwọn èèyàn bí ọ̀gá akọrin ṣe ń fi ọ̀pá darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di àṣà, ó di àmì. Lónìí, búrọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ ìyeyè tó ga bí èèyàn ni wọ́n ń gbé wá sí pápá, wọ́n sì máa ń fi ọ̀kan ta àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ àlejò lọ́rẹ. Kí wọ́n tó nà yín, wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní ẹ̀bùn.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ ká sáré kọjá níbẹ̀, torí bí jangirọ́fà ni: wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀. Wọ́n já kúrò nínú líìgì àgbà ní 1980, wọ́n já títí dé ìpele kẹta. Ní 1993 wọ́n padà wọlé lábẹ́ kóòṣì Trond Sollied, wọ́n na Strømsgodset 2-0, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ, wọ́n tún ṣe ipò kejì nínú líìgì lọ́dún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. 2003, ipò kejì lẹ́ẹ̀kan sí i. 2005, wọ́n já. 2009, wọ́n já. 2016, wọ́n já. Ẹ mú 2009 àti 2016 dání fún mi, a máa lò ó láìpẹ́.

Kí ló wá yí padà? Lọ́dún 2017, tí wọ́n wà nílẹ̀ ní ìpele kejì, ọkùnrin méjì dé. Ọ̀kan ni Kjetil Knutsen, tó kọ́kọ́ wá bí igbákejì kóòṣì, tó sì di ọ̀gá pátápátá ní 2018. Èkejì kò gbá bọ́ọ̀lù jẹun rí. Bjørn Mannsverk lorúkọ rẹ̀, awakọ̀ òfuurufú ogun ni, ó ti fi F-16 jà ní Libya. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó tọ́jú ọkàn àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Agbábọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀, Ulrik Saltnes. Tí ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá ti ń sún mọ́, inú rẹ̀ á dà rú, ìrora á mú un débi pé ó ti ń rò ó pé kóun fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Àníyàn ló ń jẹ ẹ́ níkùn. Mannsverk bá a jókòó, wọ́n ń tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀: kí gan-an lò ń bẹ̀rù, ìgbà wo ló máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lára rẹ kó tó dé. Saltnes kò fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ mọ́. Ó wà lára àwọn tó gba líìgì.

Nǹkan kejì tí Mannsverk mú wá, ẹ lè fi ojú ara yín rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Tí ẹnikẹ́ni bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé Glimt, ẹ má wo ẹni tó ń yọ̀, ẹ wo Glimt. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á ṣe agbo. Kò sí ẹni tó ń na ìka sí ẹni kejì rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí la máa ṣe báyìí? Ó parí, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í sì í fi iye pọ́ìntì tàbí ipò ṣe àfojúsùn. Bí wọ́n ṣe gbá a ni wọ́n ń yẹ̀ wò, yálà wọ́n borí tàbí wọ́n pàdánù.

Ó wá ku bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. 4-3-3 ni wọ́n ń tò, ìyẹn mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta níwájú. Ohun tí àwọn tó ń fara wé wọn máa ń ṣì ṣe ni bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù padà. Wọ́n rò pé eré sísá ni. Ṣé ẹ ti mú adìyẹ rí nínú àgbàlá? Tí ẹ̀yin nìkan bá ń sá tẹ̀ lé e, ẹ ó ṣubú, adìyẹ ò ní ṣubú. Bí wọ́n ṣe ń mú un ni pé ẹnì kan dí ẹnu géètì, ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ẹni kẹta wá rọra darí rẹ̀ síhà ògiri. Adìyẹ fúnra rẹ̀ ló máa rìn wọ ọwọ́ yín. OHUN TÍ GLIMT Ń ṢE NÌYẸN. Ẹni tó wà níwájú kì í sá lé bọ́ọ̀lù lásán, ẹ̀gbẹ́ ìlà ló ń lé ẹni náà lọ. Àwọn tó wà láàárín ti dí ibi tó lè gbá a sí. Tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá pẹ́ dé ibi tirẹ̀, géètì ti ṣí, adìyẹ ti jáde. Ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti jí ọgbọ́n yìí lò: ó fẹ́ kí èèyàn mẹ́wàá ronú ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Èso rẹ̀: 2019, ipò kejì. 2020, wọ́n gba líìgì, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àríwá máa gbà á. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30: wọ́n borí 26, ọ̀mì 3, wọ́n pàdánù ẹyọ kan. Góòlù 103! Pọ́ìntì 81. Molde tó ṣe ipò kejì fi pọ́ìntì 19 wà lẹ́yìn. Wọ́n tún gbà á ní 2021, 2023 àti 2024. Ní 2025, Viking fi pọ́ìntì kan péré gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọmọ wa kan wà nínú ìtàn yìí o. Victor Boniface, ọmọ tí wọ́n bí l'Ákùúrẹ́, láti Real Sapphire l'Ékòó ló ti lọ bá wọn lóṣù Kẹta 2019. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tí iṣan orúnkún rẹ̀ já. Wọ́n dúró tì í. Ó wà níbẹ̀ nígbà líìgì 2020 àti 2021, wọ́n tà á fún Union Saint-Gilloise ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 2022, nígbà tó di 2024 ó ti bá Leverkusen gba líìgì Jámánì. Bí wọ́n ṣe ń jẹun nìyẹn: ra ọmọ tí ẹlòmíràn kò tíì rí, kọ́ ọ, tà á. Jens Petter Hauge lọ sí Milan, Patrick Berg lọ sí Lens. Ohun tó wá yàtọ̀ ni pé àwọn méjèèjì yìí padà wálé. Ìdílé Berg ní tiwọn, ilé ẹgbẹ́ yìí ni ilé wọn: Harald, bàbá bàbá Patrick, wà nínú àwọn tó gba ife 1975, Ørjan bàbá rẹ̀ gbá fún wọn, Patrick fúnra rẹ̀ ló wà láàárín pápá báyìí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ òtútù. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹwàá 2021, Roma, tí José Mourinho jẹ́ kóòṣì rẹ̀ nígbà náà, wá sí Aspmyra, ó sì jẹ 6-1. Erik Botheim gbá méjì wọlé, ó tún gbé mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé Mourinho fi àwọn kan sínmi lọ́jọ́ náà. Òótọ́ tún ni pé nígbà tí wọ́n tún pàdé lóṣù Kẹrin 2022, Roma fi 4-0 lé wọn kúrò nínú ìdíje. Àmọ́ àtìgbà yẹn ni gbogbo ayé ti ń kọrin: òtútù, koríko, òtútù, koríko.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè. ṢÉ ÒTÚTÙ YẸN KÒ FẸ́ NÍ 2009 NI? Ṣé koríko àtọwọ́dá yẹn kò sí nílẹ̀ ní 2016 ni? Ó wà! Wọ́n sì já! Tottenham wá sórí koríko yẹn kan náà lóṣù Karùn-ún 2025 ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì ìpele kò-mẹ-sẹ̀-ó-yọ tó ṣáájú àṣekágbá Europa League, ó na wọ́n 2-0, ó lọ. Mi ò ní koríko ò ràn wọ́n lọ́wọ́ o. Bọ́ọ̀lù ń sáré lórí rẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbá lójoojúmọ́. Àmọ́ ta ló gbé e lọ sí Glasgow nígbà tí wọ́n na Celtic 3-1 nílé rẹ̀ ní 2022? Ta ló gbé e lọ sí Madrid nígbà tí wọ́n na Atlético 2-1 lóṣù Kìíní 2026, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n na Manchester City 3-1?

Ẹ tún ro èyí: líìgì Nọ́wè máa ń parí nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kẹta. Celtic àti City ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Glimt ń ti ibùdó ìgbáradì bọ̀, kò sí líìgì tí wọ́n ń gbá. Òtútù tí ẹ ní ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ yẹn, òun náà ló gba oṣù mẹ́ta líìgì lọ́wọ́ wọn!

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ wò wọ́n, ẹ gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá pàdánù rẹ̀, kí ẹ wá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ẹ má wo ẹni tó ń sáré. Ẹ wá ẹni tó dúró sẹ́nu géètì.