Ìlú Ló Ń Sọ Olùkọ́ Di Ọ̀jọ̀gbọ́n: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ará Abẹ́òkúta Sọ

Ẹ̀yin àgbà Ẹ̀gbá, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wọkọ̀ wá láti ọgbà yunifásítì ní Alábàtà, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbé ayé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, nínú kíláàsì àti lẹ́yìn rẹ̀. N ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: mo gbà pé ìlú ló ń sọ olùkọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Yunifásítì kàn ń kọ lẹ́tà rẹ̀ ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aró, níbi tí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ wà ní ìlú wa níbí. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, kàwé ní Baptist Boys' High School níbí, ó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó sì padà wálé wá tọ́jú àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Aró ní 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi yàrá gbà wọ́n. Aláìsàn á dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n á gba yàrá lọ́wọ́ onílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá á dáná, á fọṣọ, á mú ọmọ rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Bí ìtọ́jú bá parí, wọ́n á jọ padà sábúlé, sáàárín èèyàn, síbi tí wọ́n ti ń kí ara wọn káàárọ̀ o, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń ba aláìsàn lẹ́rù, wọ́n sì gbọ́ èdè tó fi ń sọ ọ́.

Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìlú òyìnbó ṣì ń ti irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́ ilé ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lambo ò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn èyí ni Yunifásítì Ìbàdàn fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, tó di gíwá wọn ní 1968, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì mú un ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà. Abúlé ló kọ́kọ́ dán ìmọ̀ rẹ̀ wò, àwọn onílé Aró sì ni olùyẹ̀wò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba iwájú ilé ìwòsàn yẹn kọjá lójoojúmọ́ ni kò mọ èyí. Ó dùn mí.

Òun nìkan kọ́. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí sí ìlú yìí kan náà ní 1934, ń kọ́ni ní Ifẹ̀ nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ó lè kọ ewì arò kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe é tí wọ́n fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá àjọ FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè, sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́.

Ti Saburi Bíòbákú ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ọmọ Abẹ́òkúta ni òun náà, ọdún 1918 ni wọ́n bí i, òun ló sì fi ìwé tó jáde ní 1957 tan ìmọ́lẹ̀ sí ìtàn Ẹ̀gbá láti 1842 dé 1872. Nígbà tí wọ́n fi jẹ gíwá Yunifásítì Èkó ní 1965, awuyewuye ńlá bẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì fi ọ̀bẹ gún un. Kò kú, kò sì sá. Mo mẹ́nu ba èyí fún àwọn tó rò pé ibi ìfarapamọ́ ni ọgbà yunifásítì.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú kíláàsì wàyí, nítorí àwọn ará ìlú náà ń ṣì wá mú. Wọ́n á ní wákàtí méjì lónìí, wákàtí méjì lọ́túnla, kí ló kù tí olùkọ́ ń ṣe? Bí kíláàsì ọdún kìíní bá ní 400 akẹ́kọ̀ọ́, tí kálukú dáhùn ìbéèrè mẹ́rin, 1,600 ìdáhùn ni olùkọ́ máa kà ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, lóru, pẹ̀lú fìtílà oníbátìrì nítorí iná ti lọ. Òmíràn nínú àwọn ọmọ náà mọ ìdáhùn, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kó lè sọ ọ́ jáde. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á dúró lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, á kà á lẹ́ẹ̀kejì, á wá ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ìwádìí àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀, ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀, àti lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń bẹ̀ pé kó bá òun kọ ránṣẹ́ sókè òkun.

Àkàbà náà sì ga. Olùkọ́ kékeré á di Lecturer II, á di Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti kó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì mìíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n wò. Bó bá débẹ̀, òfin 2012 gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ títí di ẹni 70 ọdún.

Owó ńkọ́? Ẹ rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Olùkọ́ tó ti ń kọ́ni láti ogún ọdún ń yá owó epo ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti sọ ìgbé ayé lẹ́yìn kíláàsì di ìgbé ayé sáré sáré: Alábàtà láàárọ̀, yunifásítì aládàáni lọ́sàn-án, ìlú mìíràn ní Sátidé. N kò dá wọn lẹ́bi, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹni tí mo ń dá lẹ́bi ni ẹni tó ń fi máàkì dúnàádúrà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn kì í ṣe olùkọ́, ẹ má sì jẹ́ ká bò ó nítorí pé ó jẹ́ ẹgbẹ́ wa.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ohun tí a fi ń wọn ènìyàn fún ìgbéga. Ìwé mélòó lo tẹ̀ jáde, nínú jọ́nà ìwádìí wo? Bẹ́ẹ̀ ni òfin FUNAAB, yunifásítì àgbẹ̀ tó wà ní ìlú wa yìí láti 1988, sọ pé iṣẹ́ mẹ́ta ló dúró lé: kíkọ́ni, ìwádìí, àti mímú ìmọ̀ tọ àgbẹ̀ lọ. Ẹ wo adìyẹ FUNAAB Alpha. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébàmbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ ọ jáde láti ara adìyẹ ìbílẹ̀ wa, tó fi ń tóbi ju adìyẹ ìbílẹ̀ lásán lọ, tó sì tún lè fara da oòrùn wa. Obìnrin tó ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé rí i rà. Tèmi ni pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo ju ìwé mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò ní kà lọ nígbà tí wọ́n bá ń pín ipò.

Yunifásítì náà ti wà láàárín ìlú rí, ní Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn, kó tó kó lọ sí Alábàtà. Ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n rí lọ́hùn-ún dára fún oko. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọgbà ti jìnnà, olùkọ́ lè ṣe ọdún kan gbáko láìdúró ní ọjà Láfẹ́nwá tàbí Ìtòkú bí kò bá jẹ́ pé ó fẹ́ ra nǹkan.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, nígbà tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, ìyá aláàdìrẹ kan láti Ìtòkú dìde. Ó ní, “Ẹ̀yin olùkọ́ wa, omi aró tí a ń dà sí gọ́tà, tó ní sódà nínú, ṣé kò ní pa wá àti àwọn ọmọ wa?” Mo sọ fún un pé sódà náà lágbára, kò yẹ kó kàn wọ́n lára, kò sì yẹ kó dé ibi tí kànga wà. Mo ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bu omi náà sínú ike lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àgbàlá sára ike kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ kẹ́mísírì kan tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn dìde, ó ní òun máa wá gbà wọ́n lọ yẹ̀ wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun á sì mú àwọn ọmọ kíláàsì òun dání.