Ta Ni Yóò Bọ́ Ẹṣin? Ọ̀rọ̀ Lórí Ríra Ohun Ogun Nígbà Tí Owó Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Oníkàn, ní Erékùṣù Èkó, nìyí. Mo ti tún àwọn gbólóhùn tó wọ́ ṣe, ṣùgbọ́n mo fi àwàdà àti ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, nítorí pé àwọn tí mo fi ń bá wí jókòó síbẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kò tó ṣe lè tún ọ̀nà tó ń gbà ra ohun ogun ṣe, àti bí ohun tó rà yóò ṣe dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Àwọn tó pè mí rò pé orí ọkọ̀ òfuurufú ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibi tí a jókòó sí yìí kò jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní Èkó ní ọdún 1975 kò ní gbàgbé. Ogun abẹ́lé ti parí ní 1970, owó epo rọ̀bì ń wọlé, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti di púpọ̀ lásìkò ogun sì nílò ibùgbé. Ìjọba Ọ̀gágun Gowon wá ra sìmẹ́ńtì láti òkè òkun, ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Iléeṣẹ́ ètò ààbò nìkan ló ni nǹkan bí mílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀, wọ́n ní bárékè ni àwọn yóò fi kọ́. Èbúté Èkó ní Àpápá, ní odidi ọdún kan, kò lè já ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lọ. Kí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan bá wa ṣírò rẹ̀: bí ẹnikẹ́ni mìíràn kò bá tilẹ̀ kó àpò sìmẹ́ńtì kan wọ Nàìjíríà, yóò gba ọdún mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó já ti iléeṣẹ́ ètò ààbò tán.

Àwọn ọkọ̀ ojú omi dé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló tò sójú òkun, àwọn tó sì lọ síbi Bar Beach lálẹ́ ń wo iná wọn bí ìgbà tí ìlú tuntun kan tẹ̀dó sórí omi. Nínú ìwé àdéhùn, bí ọkọ̀ bá dé tí kò rí àyè já ẹrù, ẹni tó ra ọjà ni yóò máa san owó ìdúró lójoojúmọ́, èyí tí àwọn ará Àpápá ń pè ní dẹ́mọ́réèjì. Àwọn ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìpẹtà nìkan ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n ti rí iṣẹ́ tó lówó lórí ju ìrìn lọ, ìyẹn ìjókòó. Sìmẹ́ńtì tó kórìíra omi sì wà lórí omi, òmíràn nínú rẹ̀ ń dì sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba tuntun fẹ́ jáwọ́ nínú àdéhùn, àwọn olówò sì gbé wa lọ sílé ẹjọ́ ní London àti ní New York. Ẹjọ́ Trendtex, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ní London ní 1977, ló jẹ́ kó yé gbogbo ayé pé báńkì àpapọ̀ ìjọba kan kò lè sá pamọ́ sábẹ́ agbádá ìjọba lẹ́yìn tó ti dá òwò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń kà á títí dòní. Sìmẹ́ńtì tí a fẹ́ fi kọ́ bárékè la wá fi kọ́ àwọn agbẹjọ́rò.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣàn pé owó nìkan ni ìṣòro àwọn ológun wa, kí wọ́n dá mi lóhùn: ní 1975, ṣé owó ló wọ́n wa? Owó wà jaburata. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ló pọ̀, ẹni tó béèrè iye ẹrù tí Àpápá lè já la kò rí. Ohun tí mo bá wá síbí lónìí nìyẹn, n óò sì máa padà sórí rẹ̀ títí tí wọn yóò fi gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi: ẹṣin là ń rà, a kì í ṣírò koríko.

Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, ti rí i pé nínú gbogbo owó tí ohun ogun ńlá kan yóò jẹ títí tí wọn yóò fi pa á tì, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ni lílò àti ìtọ́jú ń kó lọ. Koríko ẹṣin nìyẹn. Owó tí a fi rà á, tí gbogbo ìwé ìròyìn ń pariwo, ni apá kékeré. Ọkọ̀ òfuurufú F-35 tiwọn fúnra wọn ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n: ní 2024, àwọn tó ń yẹ ìṣirò ìjọba wò lọ́hùn-ún sọ pé ìtọ́jú rẹ̀ nìkan, títí di ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì, yóò tó tírílíọ̀nù 1.58 dọ́là. Bí koríko bá ń dẹ́rù ba ọlọ́rọ̀, kí ni ká ti sọ nípa tálákà tó gun ẹṣin?

Ẹ wo ohun tó ń fò lábẹ́ àsíá wa, tàbí tó yẹ kó máa fò: Alpha Jet tí Faransé àti Jámánì jọ ṣe, F-7 láti Ṣáínà, JF-17 láti Pakistan, Mi-35 láti Rọ́ṣíà, T129 láti Tọ́kì, Super Tucano tí àwọn ará Brazil gbé jáde tí wọ́n sì to tiwa ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní páàtì tirẹ̀, ìwé ìtọ́jú tirẹ̀, mẹkáníìkì tó gbọ́dọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Onídánfó tó ní ọkọ̀ mẹ́fà láti Ojúẹlẹ́gbà sí Yaba kò jẹ́ dán irú èyí wò. Volkswagen kan náà ni yóò rà lẹ́ẹ̀mẹfà. Mẹkáníìkì kan ni yóò máa tún gbogbo wọn ṣe, ọmọṣẹ́ kan ni yóò máa rán lọ sí ọjà páàtì ní Ládípọ̀, bí ọ̀kan bá sì kú, yóò yọ jíà rẹ̀ fún èyí tó kù. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ológun kankan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé irú ọkọ̀ kan ṣoṣo ni owó òun lè bọ́. (Níbí ni ọ̀gá mi kan tó jókòó níwájú ti sọ sókè pé òun mọ onídánfó tí ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ páàtì, ẹjọ́ epo ẹ́ńjìnnì ni.)

Àwọn kan ní tòkunbọ̀ ló ń pa wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ̀ ogun ojú omi wa, NNS Aradu, dé láti Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ tuntun gedegbe, òun sì jẹ́ olórí gbogbo ọkọ̀ ogun ojú omi wa nígbà náà; ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà ní síso ní Èkó tí kò lè jáde. NNS Thunder, tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1960, tí a gbà ní 2011, tòkunbọ̀ gidi ni, síbẹ̀ ó rìn láti ibí dé Sydney ní Australia ní 2013. Ọjọ́ orí ẹṣin kọ́ ló ṣe ìyàtọ̀.

Ní ti Super Tucano, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Méjìlá ni, nǹkan bí mílíọ̀nù 496 dọ́là. Ìjọba san owó rẹ̀ ní 2018 kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó fọwọ́ sí i, àwọn aṣòfin sì bínú. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Àmọ́ nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Kánò ní oṣù Keje 2021, àwọn awakọ̀ àti àwọn atúnkọ̀ṣe ti lọ kọ́ṣẹ́, páàtì wà nínú àdéhùn, iṣẹ́ ilé tí wọn yóò wọ̀ ní Kainji sì wà nínú rẹ̀. Èyí ni ẹṣin tí a ra koríko mọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ìyẹn di òfin: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ríra ohun ogun tuntun tí ìwé rẹ̀ kò fi owó páàtì, owó ẹ̀kọ́ àti owó ìtọ́jú ọdún mẹ́wàá hàn, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ ní dọ́là.

Mo ní dọ́là, ẹ má bínú, nítorí pé dọ́là ni wọ́n fi ń ta páàtì. Ìṣúná 2025 gbé tírílíọ̀nù 4.91 náírà kalẹ̀ fún ààbò, ó sì dún létí bí ìlù bàtá. Ṣùgbọ́n dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí. Owó oṣù kò ṣeé dá dúró, epo kò ṣeé dá dúró, nítorí náà páàtì ni ọ̀bẹ máa ń bọ́ sí lára.

Ẹni tó ń darí ètò ti fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. N óò sáré. Ètò ìkẹ́rù, ìyẹn bí ẹrù ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó: lásìkò ogun Gọ́ọ̀fù ní 1991, Amẹ́ríkà kó nǹkan bí kọ̀ntéénà 40,000 lọ, ó sì di dandan kí wọ́n ṣí ohun tó ju ìdajì wọn kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú wọn, ẹ̀yin ajẹ́ńtì Àpápá, ẹ kò dá nìkan wà. Iṣẹ́ ọwọ́ ara wa: àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi NNS Andoni ní 2012, Karaduwa ní 2016 àti Oji ní 2021, Èkó níbí ni a ti kàn wọ́n, DICON, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà, tó ti wà ní Kàdúná láti 1964 sì gba òfin tuntun ní 2023. Ó dára, àmọ́ ẹni tó bá ní kí a ṣe gbogbo nǹkan nílé ní ọ̀la, òun náà kò tíì béèrè ibi tí irin yóò ti wá. Òfin: abala 15(2) nínú òfin ríra nǹkan ìjọba ti 2007 yọ ohun àkànṣe tó jẹ mọ́ ààbò kúrò lábẹ́ òfin náà, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Mo gbà pé a kò gbọ́dọ̀ pariwo iye bọ́ǹbù tí a ní, ṣùgbọ́n àṣírí ogun wo ló wà nínú ìrẹsì àti mátíráàsì?

Ibí yìí ni obìnrin kan láti ẹ̀yìn, tó ní ọjà Balógun ni òun ti ń ta aṣọ, ti dìde láìdúró de àsìkò ìbéèrè.

“Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Àbúrò mi ń gbé ìbọn fún ìjọba, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ka tó wà. Èmi ni mo ra bàtà búútù tó wọ̀ lọ sí iwájú ogun. Gbogbo ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ń kà yìí, ṣé wọ́n ń wọ bàtà ni?”

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo ti ń ka koríko ẹṣin láti àárọ̀, n kò sì ka ẹni tó gùn ún. Mo pa ìwé dé. Mo ní: Màmá, ọ̀rọ̀ yín ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ní kí wọ́n lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní 1877, àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn, ẹ̀tù sì wọ́n bí ojú. Balógun kọ̀ọ̀kan ní Ìbàdàn ló ń wá ìbọn fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ní ogun Kírìjí, tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀ jà, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó níbí dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀. Dídún ohun ìjà wọn ló sọ ogun náà lórúkọ. Ìbàdàn tó gbajúmọ̀ nínú ogun jíjà kò lè borí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ra bàtà fún àbúrò yín, iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ṣe ní Èkó lẹ ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn kò ní ìjọba tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn láti ra ìbọn náà.

Bàtà kò wọ́n bí ọkọ̀ òfuurufú, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi wò ó. A máa ń pín in fún agbaṣẹ́ṣe púpọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á kó tirẹ̀ wá, ilé ẹrù á fọwọ́ sí i pé ó dé, iṣẹ́ sì parí. A ń ka ohun tó wọ ilé ẹrù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé àdéhùn sìmẹ́ńtì. Ẹnikẹ́ni kì í lọ wo ẹsẹ̀.

Mo wá bi í bóyá wọn kò fún àbúrò rẹ̀ ní bàtà rárá.

“Wọ́n fún un o, Bàbá. Nọ́ńbà 41 ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀, 45 ni.”

Mo ti jókòó nídìí ìwé ẹrù pẹ́ tó láti mọ bí wọn yóò ṣe kọ ìyẹn. Wọn yóò kọ ọ́ pé ọmọ ogun yìí ti gba bàtà tirẹ̀, bó bá sì padà wá béèrè òmíràn kí ọdún tó yí, òun ni wọn yóò ní kó wá ṣàlàyé ibi tó ta ti àkọ́kọ́ sí.