Pajápajá òru: ohun tó ń fà á àtohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ará Kétu. Ọ̀rọ̀ pajápajá tó ń mú èèyàn lójú oorun la fẹ́ sọ, torí àwọn ìyá wa tó ń dúró tajà lọ́jà Ouando látàárọ̀ dalẹ́ ń pariwo ẹ̀, àwọn tó ń fi ọ̀kadà zém gbé èrò náà ń pariwo ẹ̀.

Tó bá ti mú yín, ẹ má ká ẹsẹ̀ kò o. Ẹ nà án gbọọrọ, kí orúnkún má tẹ̀, kẹ́ ẹ wá di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fà á wá sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀. Tọ́wọ́ ò bá tó o, ẹ fi ìró kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kẹ́ ẹ fi fà á. Ibi tó le bí òkúta lẹ́yìn ojúgun yẹn, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára pé ó ń rọ̀. Ẹlòmíì kàn máa ń dìde ni, á tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ìyẹn náà dáa. Lẹ́yìn náà ẹ fi òrí wọ́ ọ, àmọ́ ọwọ́ tó ń wọ́ ọ ló ń ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe òrí.

Kí ló ń fà á? Lọ́pọ̀ ìgbà dókítà gan-an ò ní rí ìdí kan pàtó. Iṣan tó ti rẹ̀ wà ńbẹ̀, ọjọ́ orí wà ńbẹ̀, oyún náà, pàápàá tó bá ti ń wọ oṣù ìkẹyìn, ìgbẹ́ gbuuru àti òógùn tó gbẹ omi ara, àtọ̀gbẹ, àìsàn kíndìnrín, títí kan àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ ṣáá. Ẹ má dá oògùn yẹn dúró fúnra yín o, ẹ bá dókítà sọ ọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kiníìnì, oògùn ibà yẹn. Àwọn àgbà kan ń lò ó sí pajápajá, òótọ́ ni pé ó lè dín in kù díẹ̀, àmọ́ ó lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi tí ẹ̀jẹ̀ á máa dà tí ò ní dá, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, èèyàn ti kú sí i. Ní 2010 àjọ tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún èèyàn ní kiníìnì nítorí pajápajá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á tìtorí ẹsẹ̀. Magnésium tí wọ́n ń tà ní fàmasí náà, àgbéyẹ̀wò àwọn ìwádìí tó jáde ní 2020 fi hàn pé kò jọ pé ó ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́, ẹ tọ́jú owó yín.

Ohun tí mo fọkàn tán ni nínà iṣan kẹ́ ẹ tó sùn. Wọ́n dán an wò nílẹ̀ Netherlands lára àwọn tó lé lọ́dún 55, ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n fi ṣe é lálaalẹ́, pajápajá wọn dín kù. Ẹ kọjú sógiri, ẹ fọwọ́ tì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀, ẹ wá rọra tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn ojúgun á fi nà, lẹ́yìn náà ẹ ṣe ìkejì. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Àmọ́ tẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń gbóná, tí ìrora ò lọ bẹ́ ẹ ti nà án tó, pàápàá ẹni tó lóyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ lọ sọ́sípítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gbé páálí gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò dání.